Ọ̀rọ̀ Ìjà Tí Èmi àti Promise Gbé Lọ sí Ode Ugbo

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé èmi Rhoda máa ń pariwo, ẹ má bá a jiyàn, òótọ́ ni. Ẹni tí wọ́n bí sí Ayétòrò, tí bàbá rẹ̀ ń pẹja, tí ìyá rẹ̀ ń yan edé, tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ń dún níwájú ilé rẹ̀ láti òwúrọ̀, tí òkun fúnra rẹ̀ ò sì dákẹ́ rí, irú ohùn wo lẹ fẹ́ kó ní? Tí ẹ bá ń rọra sọ̀rọ̀ nílùú wa, ẹ̀yin nìkan lẹ máa gbọ́ ara yín. Mo pariwo lọ́jọ́ náà ní Ode Ugbo, mo sì tún máa pariwo níbí, torí pé inú mi ṣì ń dùn títí di bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Ìdíje la lọ ṣe. Ẹgbẹ́ kan tó ń ran àwọn ọmọ etí òkun lọ́wọ́ ló gbé e kalẹ̀ fún àwọn tó ń parí ìwé kẹta ní girama, ọmọ méjì-méjì láti ilé ìwé kọ̀ọ̀kan. Àwọn méjì tó bá gba ipò kìíní yóò lọ sí ilé ìwé bọ́dìn kan ní Òkìtìpupa lọ́fẹ̀ẹ́, títí wọ́n á fi jáde ìwé kẹfà ní girama. Àwọn méjèèjì ni o, kì í ṣe ẹnì kan. Ẹ jọ lọ tàbí kí ẹ jọ jókòó sílé.

Mo fẹ́ ẹ bí ẹni máa kú. Òkun ti gbé yàrá ìkàwé wa lọ nígbà náà, inú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì la ti ń kàwé, kò sì sí kíláàsì lẹ́yìn ìwé kẹta. Màmá mi ti bá mi ra agbọ̀n tuntun sílẹ̀, kí n lè bẹ̀rẹ̀ sí í yan ẹja pẹ̀lú òun bí mo bá ti ṣe ìdánwò tán. Mi ò kórìíra ẹja. Lọ́yà ni mo fẹ́ dà, torí gbogbo ayé ló mọ̀ pé kò sẹ́ni tó lè gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Bí mi ò bá wọlé ọjọ́ yẹn, ìdí ààrò ni mo máa ti bá èéfín jiyàn.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé Promise ni wọ́n yàn mọ́ mi, èmi àti Promise ò sì bá ara wa sọ̀rọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi ni láti kékeré. Láti ìgbà tí a ti ń fò sómi láti orí afárá pákó ni, abọ́ kan náà la fi ń jẹ púpurú. Àwọ̀n ló pín wa níyà. Bàbá mi, Olówòkéré, ta àwọ̀n tuntun sójú omi láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó so kẹ́ẹ̀gì funfun mọ́ ọn kí àwọn ọlọ́kọ̀ lè rí i. Kingsley, bàbá Promise, tó ń fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kó èrò láti Ayétòrò lọ sí Ugbonla, gba orí àwọ̀n náà kọjá, irin tó ń yí lábẹ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì fà á ya yánnayànna.

Ìyẹn nìkan kì í ṣe ìjà lọ́dọ̀ wa. Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń wakọ̀ lójú omi ló sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe bó bá ṣẹlẹ̀. Wàá pa ẹ́ńjìnnì ẹ, wàá gbé àwọ̀n tó ya náà sórí ọkọ̀ níbi tí ojú á ti rí i, wàá sì dúró síbẹ̀ títí aláwọ̀n á fi tukọ̀ dé. Kò sí èrò tó máa ní kí o máa lọ. Wọ́n á jókòó, wọ́n á máa tàkúrọ̀sọ, aláwọ̀n á dé, á bú ẹ díẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì á sì yanjú ẹ̀. Kingsley ò dúró. Bàbá mi ń wò ó láti òkèèrè, ó ń juwọ́, ó ń lọgun, ọkọ̀ Kingsley sì ń lọ fìì.

Olè là ń pe ẹni tó bá sá lórí àwọ̀n. Ohun tí bàbá mi sì pè é nìyẹn ní jẹ́tì ní ọ̀sán ọjọ́ náà, lójú gbogbo èrò, kí ó tó béèrè ohunkóhun. Kingsley ká ọwọ́ mọ́ àyà. Ó ní ẹni tó bá ti pe òun lólè kó tó bi òun ní ìbéèrè, òun ò ní àlàyé kankan fún un. Ó di ọjọ́ kejì, màmá mi ò kí màmá Promise mọ́. Àwọn ará ilé wa ò wọ ọkọ̀ Kingsley mọ́, àwọn ará ilé wọn ò ra edé wa mọ́. Nígbà tó yá, àwọn ìbátan tí wọn ò tilẹ̀ sí ní Ayétòrò lọ́jọ́ náà ti ń gbè sẹ́yìn ẹnì kan. Èmi náà rí Promise lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bàbá ẹ̀ ló jẹ̀bi, mo gbè sẹ́yìn bàbá mi. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?

Bí wọ́n ṣe ń ṣe ìdíje náà nìyí. Ẹnì kan máa mú ìwé kan nínú igbá, ọ̀rọ̀ òyìnbó kan wà nínú ẹ̀. Á fi ẹnu, ọwọ́, ẹsẹ̀, èdè yòówù tó bá wù ú ṣàlàyé ẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ pe ọ̀rọ̀ náà. Ẹnì kejì ló máa dá ọ̀rọ̀ náà mọ̀, tó sì máa pè é síta kí àkókò tó pé. Wọ́n ti sọ irú ọ̀rọ̀ tó máa wà nínú igbá fún àwọn tíṣà ṣáájú: gbogbo ọ̀rọ̀ tí òyìnbó ń lò fún èdè-àìyedè àti fún ariwo burúkú. Ẹ ò rí nǹkan! Èmi àti Promise la tún fẹ́ lọ kọ́ orúkọ ìjà.

Tíṣà wa, Ọ̀gbẹ́ni Ọláyíwọlá, ló ń kọ́ wa. Ará Ìlá ni, kò tíì pẹ́ tó dé, bí omi bá sì ti mi ọkọ̀ díẹ̀ báyìí, á di ìjókòó mú pinpin. Ọ̀sẹ̀ tó kọ́kọ́ dé, ó rí obìnrin méjì ní jẹ́tì tí wọ́n ń ké mọ́ ara wọn, ó sáré bọ́ sáàárín wọn, ó ń bẹ̀ wọ́n: "Ẹ̀yin màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jà." Àṣé wọ́n kàn ń bi ara wọn bóyá wọ́n sùn dáadáa ni. A fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Ó kọ àwọn ọ̀rọ̀ náà sórí pátákó títí àyè fi tán. Ti ẹnu: squabble, bicker, wrangle, altercation. Ti ọwọ́: brawl, scuffle. Èyí tó ń gbé inú ẹni: discord, feud, rift. Èyí tó jẹ́ ti etí: din, racket, clamour, hubbub, uproar, cacophony.

Mo ní, "Sà, ṣé àwọn òyìnbó yìí ò ní iṣẹ́ mìíràn ni?"

Tíṣà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àwa ńkọ́? Asọ̀, aáwọ̀, fàákája, gbọ́nmi-si-omi-ò-to, rògbòdìyàn, yánpọnyánrin, rúkèrúdò. Ṣé kí n máa lọ?" Gbogbo wa pàtẹ́wọ́ fún un. Promise náà pàtẹ́wọ́. Nígbà tí ojú wa pàdé, àwa méjèèjì gbọ́wọ́ sílẹ̀.

Ṣé ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe ìgbáradì? Tíṣà ló ń gbé ọ̀rọ̀ láàárín wa. "Rhoda, ṣàlàyé fún Promise." Tíṣà ni mo máa ń kọjú sí ṣàlàyé fún. "Promise, dá Rhoda lóhùn." Fèrèsé ni Promise máa ń dá lóhùn. Ọkùnrin náà mú aṣọ ìnujú jáde, ó nu ojú, ó ní iṣẹ́ tí òun wá ṣe ní Ayétòrò ò sí nínú ìwé tí wọ́n fún òun. Síbẹ̀ orí àwa méjèèjì pé. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà la mọ̀ lórí.

Lọ́jọ́ ìdíje, Tíṣà jókòó sáàárín èmi àti Promise nínú ọkọ̀, ó de jákẹ́ẹ̀tì ojú omi mọ́ra dé ọrùn. Ọkọ̀ bàbá mi ń bọ̀ lápá ọ̀tún wa. Ọkọ̀ Kingsley ń bọ̀ lápá òsì. Kò sí èyí tó fẹ́ kí èkejì ṣáájú òun, wọ́n sì ń ta omi sí wa lára láti ọ̀tún àti òsì títí a fi dé Ode Ugbo. A ti tutù ká tó bọ́ sílẹ̀.

Gbọ̀ngàn náà ti kún fọ́fọ́. Àwọn ará Ugbonla ti dé, àwọn ọmọ ilé ìwé mélòó kan láti ojú omi ti dé, àwọn ìyá gbé ọmọ pọ̀n, àwọn bàbá dúró sẹ́yìn. Gbogbo wọn ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí àwa ṣe máa ń sọ ọ́. Adájọ́ wa, Arábìnrin Fágbèmí, láti Àkúrẹ́ ni wọ́n ti gbé e wá. Obìnrin tó mọ́ tónítóní, ohùn ẹ̀ ò ju ti ẹni tó ń gbàdúrà lọ. Mo rí i tó fi ìka dí etí kan. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ó ka òfin fún wa, ó ní àwọn méjì tó bá bú ara wọn tàbí tó bá jà lórí pèpéle, wọ́n ti jáde nìyẹn, kò sí ẹ̀bẹ̀.

Bàbá mi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Kingsley lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà lódìkejì.

A bẹ̀rẹ̀. Din ni mo kọ́kọ́ mú. Mo tẹ̀ ba, mo fa okùn ẹ́ńjìnnì tí kò sí níbẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún gọ̀ọ̀gọ̀gọ̀gọ̀ títí itọ́ fi ń ta síwájú, mo di etí méjèèjì, mo ń yí lójú kan. Ilé rẹ́rìn-ín títí. Promise wo fèrèsé, ó ní "Din" bí ẹni tí eyín ń dùn. Ó tọ̀nà! Squabble tẹ̀ lé e. Mo fi ọmọ méjì tí wọ́n ń du orí ẹja hàn án. Ó dá a mọ̀. Òun náà mú clamour, ó ṣe bí àwọn oníbàárà tó ń já lu ọkọ̀ ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀, gbogbo ọwọ́ lókè, gbogbo ẹnu ń ké. Mo pè é kó tó ṣe é dé ìdajì. Nígbà tí mo mú brawl, mo gbá ara mi mú lọ́rùn, mo bá ara mi ṣubú lulẹ̀, aṣọ ilé ìwé mi fà ya lápá. Mi ò bìkítà. Altercation nìkan la pàdánù, nítorí pé ojú Promise ló yẹ kí n wò, mi ò sì wò ó. Tíṣà wa kàn fi orí lé ọwọ́ ni.

Àwọn ọmọ Ugbonla lè pa èèyàn. Gift àti Ọlámijùwọ́n ni orúkọ wọn. Bí Gift bá ti ṣẹ́jú báyìí, Ọlámijùwọ́n ti pe ọ̀rọ̀. Wọ́n fi àwọn ilé ìwé yòókù sílẹ̀ sẹ́yìn, àwa àti àwọn nìkan ló ṣẹ́kù, máàkì wa sì dọ́gba. Adájọ́ ní òun máa fún ìhà kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ kan sí i, ìyẹn ló máa parí ẹ̀.

Àwọn ló kọ́kọ́ mú. Cacophony! Ọlámijùwọ́n ṣe bí ewúrẹ́, ó ṣe bí àkùkọ, ó ṣe bí ìyá ẹ̀ tó ń kọrin. Gift ń pe uproar, ó ń pe racket, ó ń pe din, ó ń pe hubbub, agogo dún, kò rí i mú. Ọ̀rọ̀ kan péré! Bí Promise bá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kan tí mo sì dá a mọ̀, a ti dé Òkìtìpupa nìyẹn.

Promise ki ọwọ́ bọ igbá. Ó ṣí ìwé náà, ó kà á, ojú ẹ̀ sì yí padà. Ó tún un kà. Ẹni tó ń ṣọ́ àkókò lórí fóònù ní, "Ó ti ń lọ o." Promise gbójú kúrò lórí ìwé, ó sì wò mí. Èmi ló wò o, kì í ṣe fèrèsé.

Ó ní, "Ó wà láàárín ilé wa àti ilé yín."

"Quarrel!"

"Rárá. Ó ju ìyẹn lọ."

"Dispute! Wrangle!"

"Àwọn tí kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀, báwo ni wọ́n á ṣe fi ẹnu jà?" Ilé rẹ́rìn-ín, pàápàá àwọn ará Ayétòrò.

"Rift! Discord!"

"Ó sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ ju ìyẹn lọ. Bàbá ló ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ọmọ ló máa ń bá a lọ. Èmi ò ya àwọ̀n, ìwọ ò ta àwọ̀n, ṣùgbọ́n wò wá."

Ó yẹ kí n máa ronú ọ̀rọ̀. Mi ò ronú. Bí mo ṣe gbọ́ àwọ̀n, mo gbàgbé ìdíje. Mo ní, "Ta ló sì fà á? Ṣé bàbá mi ló gun orí àwọ̀n ara rẹ̀ ni?"

"Rhoda! Pe ọ̀rọ̀!" Tíṣà ń ké láti ìsàlẹ̀.

Promise náà ti gbàgbé òyìnbó. Èdè ilé ló fi dá mi lóhùn pé bàbá òun ò sá, pẹ̀lú gbogbo ohùn tí Ọlọ́run fún un. "Aba mi éè sá! Obìnrin àlejò kan nìkan ló wà nínú ọkọ̀, ó ń rọbí! Ó ti ń bí i lọ! Ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì ní Ugbonla ni aba mi ń gbé e sáré lọ! Ṣé kó pa ẹ́ńjìnnì, kó máa dúró de bàbá ẹ, kí ọma kú sínú ọkọ̀?"

Mo ké mọ́ ọn: "Kí ló dé tí kò sọ ọ́?"

"Ṣé ẹ jẹ́ kó sọ ọ́? Olè ni bàbá ẹ fi kí i!"

"Ìwọ ńkọ́? Ìwọ náà ò lẹ́nu?"

"Mo wá bá ẹ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì láti sọ fún ẹ! O gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan!"

"O ò pè mí!"

"Mo pè ẹ́!"

"O ò pè mí, Promise! Tó o bá pè mí, mo máa gbọ́!"

A ti ń nawọ́ sí ara wa lójú. Agogo sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún gbangangangan. Arábìnrin Fágbèmí ti dìde, ó ní kí wọ́n dá àkókò tó ń lọ lórí fóònù dúró. "Ó tó! Ó tó! Mo sọ fún yín. Àwọn ọmọ yìí ń jà lórí pèpéle. Wọ́n ti jáde."

Mo rí Òkìtìpupa tó ń lọ, mo rí agbọ̀n tuntun náà nídìí ààrò.

"Ghan éè jà!"

Ohùn méjì ló sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà pé àwa ò jà. Ọ̀kan wá láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ọ̀kan wá láti ẹnu ọ̀nà. Bàbá mi àti Kingsley jọ bọ́ síwájú ni, wọ́n wo ara wọn, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ padà sẹ́yìn kí èkejì tó padà.

Bàbá mi ní, "Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn!"

Kingsley ní, "Bẹ́ẹ̀ gan-an ni! Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ ni!"

"Ojú omi la wà! Ta ló ń rọra sọ̀rọ̀ lójú omi?"

"Sọ fún un! Ẹ́ńjìnnì ò ní jẹ́ kó gbọ́!"

Wọ́n ń na ìka sókè, iṣan yọ lọ́rùn wọn, ohùn wọn ń fò kọjá lórí gbogbo èrò. Arábìnrin Fágbèmí gbé ọwọ́ méjèèjì lérí. "Ẹ wò ó! Àwọn àgbà náà ti ń jà!" Ilé ya lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Àwọn ìyá ń gbá ara wọn léjìká. Tíṣà Ọláyíwọlá sáré gun pèpéle, ó ní, "Mà, ẹ dárí jì mí, èmi náà ti làjà fún àwọn tí kò jà rí ní jẹ́tì Ayétòrò. Ohùn wọn nìyẹn, mà." Gift ọmọ Ugbonla, tó jẹ́ pé òun ló máa wọlé bí a bá jáde, náà la ẹnu: "Mà, màmá mi ń kí mi káàárọ̀ ju báyẹn lọ."

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín o: a ń jà. A ń jà dáadáa! Bàbá mi mọ̀, Kingsley mọ̀, gbogbo ará Ayétòrò tó wà nínú ilé náà mọ̀. Àwọn méjèèjì jọ pa irọ́ kan náà nítorí àwa ọmọ wọn, bí wọ́n ṣe pa á sì dùn mọ́ mi nínú ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Láti ìgbà tí àwọ̀n ti ya, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ẹnu kò lé lórí nìyẹn.

Arábìnrin Fágbèmí jókòó, ó mí kanlẹ̀. Ó bi ẹni tó ń ṣọ́ àkókò bóyá nǹkan ṣẹ́kù. Wọ́n ní ó kù díẹ̀, ó kéré gan-an. Ó ní, "Ó dáa. Ẹ parí ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí gbogbo ilé dákẹ́. Mo bẹ̀ yín."

Ilé dákẹ́. Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ẹ gbà mí gbọ́, ọ̀rọ̀ kankan ò sí lórí mi mọ́! Gbogbo pátákó Tíṣà ti funfun. Obìnrin tó ń rọbí nínú ọkọ̀ nìkan ni mo ń rí, àti bàbá mi tó ń juwọ́ láti òkèèrè. Promise ń wo ẹnu mi.

Bàbá mi ni ò lè dákẹ́.

"Kingsley!" ó ké láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. "Ọma ọ̀hún ńkọ́?"

Gbogbo orí yí padà. Kingsley yíjú sí i. "Ó wà," ó ní. Lẹ́yìn náà ló ké e sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́: "Ó wà! Obìnrin ni! Ìyá ẹ̀ náà wà!"

Bàbá mi káwọ́ lérí. "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ṣé o bi mí ni?"

"Mi ò bi ẹ́!" Bàbá mi ti ń gba àárín àga kọjá, ó ń tẹ ẹsẹ̀ àwọn èèyàn mọ́lẹ̀, ó ń tọ̀ ọ́ lọ. "Mi ò bi ẹ́! Ẹnu mi ló yá jù!"

Ilé bú sí ariwo. Àwọn ìyá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, àwọn kan ń bi ara wọn ta ló bímọ, àwọn ọmọdé ń lu àga, Arábìnrin Fágbèmí ń ké "Ẹ dákẹ́, ẹ dákẹ́," kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ. Fóònù sì ń kà lọ. Ọwọ́ ẹni tó ń ṣọ́ àkókò ti wà lórí agogo.

Promise fò sókè, ó na ìka sí bàbá mi àti bàbá ẹ̀ tí wọ́n ti dì mọ́ ara wọn lẹ́nu ọ̀nà. "Ìyẹn!" ó ń ké. "Rhoda, ìyẹn! Èyí tó ń parí lọ yẹn!"

Ó wọlé sí mi lórí gbì! Mo la ẹnu, mo fi ohùn tí mo fi ń pe bàbá mi láti èbúté nígbà tí ìgbì ń pariwo, ohùn tó máa ń kọjá ẹ́ńjìnnì méjì, mo ní:

"FEUD!"

Agogo dún. Arábìnrin Fágbèmí yíjú sí mi. Mo rí i pé ó gbọ́ ọ, torí ó fi ọwọ́ kan etí ẹ̀. Ó gba ìwé lọ́wọ́ Promise, ó wò ó, ó bá ẹni tó ń ṣọ́ àkókò sọ̀rọ̀. Wọ́n jọ wo fóònù náà. Lẹ́yìn náà, obìnrin tó mọ́ tónítóní yìí gbé ọwọ́ sókè, ó sì fi ohùn tí mi ò mọ̀ pé ó ní lọgun pé Ayétòrò ló wọlé!

Ṣé mo tún lè sọ bó ṣe rí? Tíṣà sọ fìlà ẹ̀ sókè, kò rí i mú mọ́ títí a fi lọ. Gift dì mọ́ wa, ojú ẹ̀ kún fún omijé, mo sì bá a sunkún, torí mo mọ ohun tó pàdánù. Màmá Promise gba ọ̀nà ẹ̀yìn wá, ó fà mí mọ́ra, ó ní mo ti rù. Wọ́n gbé bàbá mi àti Kingsley sókè, mi ò mọ ìdí, àwọn náà ò mọ̀ ọ́n. Gbogbo èèyàn ń kọrin, orin kò sì pa pọ̀.

Láàárín ìyẹn ni Promise di apá mi tí aṣọ ẹ̀ ya mú. Ó fi ẹnu sí mi létí, ó sọ nǹkan kan, ọ̀rọ̀ tó gùn díẹ̀. Mo rí i pé ó ń sunkún bó ṣe ń sọ ọ́. Mi ò gbọ́ ẹyọ kan níbẹ̀, bóyá bẹ́ẹ̀ náà ni mi ò ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo ní, "Pariwo ẹ̀!"

Ó sì pariwo ẹ̀.